Bí kóòdù ṣe ń di pákéèjì lórí Linux

Bí ẹ bá ti lo Linux fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó ti rí àṣẹ mẹ́ta kan tí wọ́n máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn nínú fáìlì README tàbí INSTALL:

```
./configure
make
sudo make install
```

Kò ní pẹ́ tí ẹ ó tún fi gbọ́ nípa rpmbuild, makepkg, dpkg-buildpackage, debhelper, ebuild, abuild, CMake, Meson. Orúkọ á pọ̀ títí orí á fi dàrú, èèyàn á sì máa bi ara rẹ̀ léèrè pé èwo nínú wọn ni kí òun lò. Ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ náà ni pé iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, a sì ń kà á sí ọ̀kan. Iṣẹ́ kìíní ni kí kóòdù di ètò tó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kejì ni kí a di ètò náà lẹ́rù, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé ó wà, kó mọ ohun tó gbára lé, kó sì lè yọ ọ́ kúrò tewé-tegbò lọ́jọ́ tí a ò bá fẹ́ ẹ mọ́. Ẹrù tí a dì yẹn ni wọ́n ń pè ní pákéèjì. Irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ kìíní kì í sábà ṣe èkejì. Tí èyí bá ti yé wa, ìyókù ò le.

Iṣẹ́ kìíní

Kóòdù ìpìlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ, tí èèyàn mìíràn sì lè kà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ. Compiler ló ń tú u sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Lórí Linux, èyí tó gbajúmọ̀ gan-an ni GCC, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1987. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .c á wọlé, á jáde ní .o, lẹ́yìn náà ni linker á so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ àwọn láíbírérì (àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò) tó wà lórí ẹ̀rọ.

Ètò ńlá lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì. Tí ẹ bá tún ẹyọ kan ṣoṣo ṣe, kò bọ́gbọ́n mu kí a tún gbogbo ìyókù tú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí ni Stuart Feldman ṣe kọ make ní Bell Labs lọ́dún 1976. Ohun tí make ń wò kò ju aago lọ: tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan fáìlì .c lẹ́yìn ìgbà tí .o rẹ̀ ti wà, á tún un tú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fò ó kọjá. Ní ti configure, iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe. Ó ń yẹ ẹ̀rọ yín wò bóyá compiler wà, bóyá àwọn láíbírérì tí ètò náà ń fẹ́ wà, ibi tí wọ́n wà, lẹ́yìn èyí ni á kọ Makefile, fáìlì tí make ń kà, tó bá ẹ̀rọ yẹn mu. Autoconf, tó ti wà láti 1991, ló sábà máa ń bá àwọn tó ń kọ ètò ṣẹ̀dá fáìlì configure yìí. CMake àti Meson ń ṣe irú iṣẹ́ ìwádìí kan náà, Ninja lè dúró ní ipò make, Cargo sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún èdè Rust. Iṣẹ́ kìíní ni gbogbo wọn wà fún.

Wàyí o, kí ni `sudo make install` ń ṣe? Ó ń pín fáìlì káàkiri ẹ̀rọ ni. Ètò á lọ sí /usr/local/bin, láíbírérì á lọ sí /usr/local/lib, ìwé ìtọ́sọ́nà á lọ sí /usr/local/share/man. Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé fáìlì báyìí-báyìí ti wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn ètò kan ní `make uninstall`, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ ṣì ní fódà tí ẹ lò lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, kí ẹni tó kọ ètò náà sì ti kọ abala yẹn dáadáa. Tí ẹ̀dà tuntun bá dé tí kò lo fáìlì méjì kan mọ́, àwọn méjèèjì á jókòó síbẹ̀ láìsí ẹni tó ni wọ́n. Èyí tó burú jù ni kí èèyàn kọ `--prefix=/usr` fún configure kó sì tún fi agbára root (aláṣẹ àgbà ẹ̀rọ) ṣe é. Fáìlì tirẹ̀ á gorí èyí tí ẹ̀yà Linux rẹ̀ (Debian, Fedora, Arch àti irú wọn) ń tọ́jú, lọ́jọ́ tí àtúnṣe bá sì dé, ti ẹ̀yà Linux náà á tún gorí tirẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa kìlọ̀ fún un. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe èyí lórí ẹ̀rọ tó fi ń ṣiṣẹ́ òòjọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú pákéèjì kan wò

Ètò kékeré kan wà tí GNU, iṣẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tí Stallman dá sílẹ̀, fi ń kọ́ni, hello ni wọ́n pè é. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó kí ayé lọ. Nínú Debian 12, orúkọ pákéèjì rẹ̀ ni hello_2.10-3_amd64.deb. Tí ẹ bá pa àṣẹ yìí:

```
ar t hello_2.10-3_amd64.deb
```

ohun mẹ́ta ló máa jáde: debian-binary, control.tar.xz àti data.tar.xz. Nínú ti àkọ́kọ́, nọ́ńbà 2.0 nìkan lẹ ó bá, tó ń sọ irú ìdì tó jẹ́. Èkejì ni ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀: orúkọ, ẹ̀dà, ohun tó gbára lé, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹrù gan-an, fáìlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tó máa jókòó sí. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Nígbà tí dpkg, irinṣẹ́ tí Debian fi ń gbé pákéèjì wọlé, bá tú u sórí ẹ̀rọ, á kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí `dpkg -L hello` fi lè ka gbogbo wọn fún yín, tí `dpkg -S /usr/bin/hello` sì lè sọ pákéèjì tó ni fáìlì yẹn. RPM tí Red Hat gbé dé ní 1995, tí Fedora náà ń lò, ń di ẹrù tirẹ̀ lọ́nà mìíràn, àmọ́ ìlànà kan náà ni: `rpm -qf` lẹ ó fi béèrè pákéèjì tó ni fáìlì níbẹ̀, ní Arch ẹ̀wẹ̀, `pacman -Qo` ni.

Ẹ tún wo nọ́ńbà 2.10-3 yẹn. GNU ló ni 2.10. Debian ló ni 3: ó ń sọ pé wọ́n ti tún ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í ṣe láìjẹ́ pé ẹ̀dà kóòdù GNU yí padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ètò tuntun ló dé nígbà tí nọ́ńbà ẹ̀yìn yìí bá gòkè.

Báwo wá ni irinṣẹ́ ṣe ń mọ fáìlì tó yẹ kó wọ inú ẹrù? Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Irinṣẹ́ á ṣẹ̀dá fódà tó ṣófo, á wá pe make báyìí:

```
make DESTDIR=/fodà/tó/ṣófo install
```

Dípò kí fáìlì lọ sí /usr/bin, inú usr/bin tó wà nínú fódà òfìfo yẹn ló máa bọ́ sí. Kò sí ohun tó kan ara ẹ̀rọ. Ohunkóhun tó bá wà nínú fódà náà nígbà tí make bá parí ni pákéèjì. Ohun tó kù ò ju kí irinṣẹ́ kà wọ́n, kó so ìwé ìdánimọ̀ mọ́ wọn, kó sì dì wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń pa `--prefix` àti `DESTDIR` pọ̀, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. `--prefix` ni ibi tí ètò náà máa gbé ní ìgbẹ̀yìn, ètò á sì gbé e sínú ara rẹ̀: ibẹ̀ ni á máa wá àwọn fáìlì ìrànwọ́ rẹ̀ sí. `DESTDIR` kàn jẹ́ ibi tí a gbé fáìlì kalẹ̀ sí nígbà tí a ń di ẹrù, ètò kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Tí ẹ bá fi fódà òfìfo yẹn ṣe `--prefix`, pákéèjì á dì, á sì wọ orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n tó bá débẹ̀, á máa wá fáìlì rẹ̀ sí fódà tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ tiyín nìkan ló wà.

Ìṣòro kékeré kan ṣì kù. Nínú pákéèjì, root ló gbọ́dọ̀ ni àwọn fáìlì, ẹni tó ń di ẹrù kì í sì í ṣe root. fakeroot ló ń yanjú èyí: ó ń jẹ́ kí àwọn àṣẹ gbà pé root ló ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní agbára root rárá. makepkg tiẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní ṣiṣẹ́ tí root bá pe òun. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí àṣìṣe kékeré kan nínú ìlànà, bí àpẹẹrẹ àṣẹ ìparẹ́ tí orúkọ fódà inú rẹ̀ ṣófo, lè gbá gbogbo ẹ̀rọ mọ́ tí ẹni tó pè é bá jẹ́ root.

Fáìlì ìlànà

Gbogbo irinṣẹ́ ìdì-ẹrù ló ń ka fáìlì kan tí èèyàn kọ, tó ń sọ fún un bó ṣe máa ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú mi, ti Arch ló rọrùn jù láti kà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. PKGBUILD ni wọ́n ń pè é, báyìí ló sì máa rí fún hello:

```
pkgname=hello
pkgver=2.12.1
pkgrel=1
arch=('x86_64')
license=('GPL-3.0-or-later')
depends=('glibc')
source=("https://ftp.gnu.org/gnu/hello/hello-$pkgver.tar.gz")
sha256sums=('...')

build() {
  cd "hello-$pkgver"
  ./configure --prefix=/usr
  make
}

package() {
  cd "hello-$pkgver"
  make DESTDIR="$pkgdir" install
}
```

Ẹ rí i pé àwọn àṣẹ mẹ́ta àtètèkọ́ṣe yẹn ṣì wà níbẹ̀. makepkg kò lé configure àti make lọ; ó kàn ń pè wọ́n ní àkókò tó yẹ ni. Nínú `build` ni iṣẹ́ kìíní ti ń ṣẹlẹ̀, nínú `package` ni ẹrù ti ń wọ fódà òfìfo tó ń jẹ́ `$pkgdir`. `pkgrel` ni ìkejì nọ́ńbà 3 tí a rí lára ti Debian. Ní ti `sha256sums`, àmì 64 ló máa wà níbi tí mo fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sí yẹn, wọ́n sì ń fi ìdánilójú hàn pé kóòdù tí ẹ gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tí ẹni tó kọ ìlànà náà lò. Tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ nínú kóòdù, àmì náà á yí padà pátápátá, makepkg á sì dúró.

Ti RPM ń jẹ́ spec. Abala rẹ̀ ni `%prep`, `%build`, `%install`, àti `%files`. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń dá àwọn ọ̀gbẹ̀rì lágara, torí ẹ gbọ́dọ̀ to orúkọ gbogbo fáìlì tó wà nínú fódà náà síbẹ̀. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, rpmbuild á dúró, á kọ "Installed (but unpackaged) file(s) found". hello gan-an máa ń fa irú rẹ̀: make install lè ṣẹ̀dá /usr/share/info/dir, ìyẹn àtòjọ gbogbo ìwé info tó wà lórí ẹ̀rọ. Tí pákéèjì kọ̀ọ̀kan bá ń gbé àtòjọ tirẹ̀ wá, wọ́n á máa jà lórí fáìlì kan ṣoṣo. Ẹni tó ń kọ spec á kúkú pa á rẹ́ nínú `%install`. Ní ti makepkg, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ ọ́ kúrò. Lóòótọ́, ìdúró rpmbuild ń bí èèyàn nínú, àmọ́ ó sàn jù kí fáìlì tí ẹ ò mọ̀ nípa rẹ̀ yọ́ wọ inú ẹrù.

Debian ò lo fáìlì kan. Fódà tó ń jẹ́ debian ló ní, nínú rẹ̀ ni control, changelog, copyright àti rules wà. Ohun tó ń yani lẹ́nu ni pé Makefile lásán ni rules. Ní ayé àtijọ́, wọ́n máa ń kọ ọ́ gùn gbọọrọ; nígbà tí debhelper àti àṣẹ rẹ̀ dh dé, ó lè má ju ìlà mẹ́ta lọ:

```
#!/usr/bin/make -f
%:
	dh $@
```

dh á wo inú kóòdù, á rí i pé configure ló ń lò tàbí CMake, á sì ṣe ohun tó bá yẹ. Ó dára fún ẹni tó ti mọṣẹ́. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó ń fi ohun púpọ̀ pamọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ ka PKGBUILD. Alpine ní APKBUILD àti abuild, ó sì jọ ti Arch. Gentoo yàtọ̀: ìlànà tí wọ́n ń pè ní ebuild ló ń fún àwọn èèyàn, kọ̀ǹpútà oníkálukú ló sì sábà máa ń tú kóòdù fúnra rẹ̀, kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yan ohun tó fẹ́ kó wà nínú ètò àti ohun tí kò fẹ́.

Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn

Àṣìṣe tí ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé máa jọ èyí:

```
fatal error: zlib.h: No such file or directory
```

Láíbírérì zlib wà lórí ẹ̀rọ yín, ó dájú, torí àwọn ètò mìíràn ń lò ó. Ohun tí compiler ń wá ni fáìlì header, tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń pe láíbírérì náà. Debian àti Fedora yà á sọ́tọ̀, torí ẹni tó kàn fẹ́ lo ètò kò nílò rẹ̀: ẹ ó bá a nínú zlib1g-dev ní Debian, tàbí zlib-ng-compat-devel (tó ṣì ń jẹ́ orúkọ àtijọ́ zlib-devel) ní Fedora. Arch kì í yà á, inú pákéèjì zlib gan-an ló wà. Èyí ló fà á tí ìlànà fi ní oríṣi ìgbáralé méjì: èyí tí ètò nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, àti èyí tí a nílò nígbà tí a ń kọ́ ọ nìkan. Debian ń pe ti ẹ̀yìn yìí ní Build-Depends, RPM ń pè é ní BuildRequires, Arch ní makedepends.

Ìgbáralé tí a gbàgbé láti kọ sílẹ̀ ni ọ̀tá tó ń fara pamọ́ jù. Ẹ̀rọ ẹni tó ń di ẹrù sábà máa ń kún fún láíbírérì tó ti kó jọ láti ìgbà pípẹ́. configure á rí ọ̀kan nínú wọn, á sì lò ó láìsọ ohunkóhun. Ìlànà kò dárúkọ rẹ̀. Pákéèjì á wá dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, á kọ̀ láti ṣí. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a má ṣe kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ tí a ń lò. Irinṣẹ́ bíi mock ní Fedora, sbuild àti pbuilder ní Debian, tàbí makechrootpkg ní Arch máa ń gbé Linux kékeré tuntun kalẹ̀ sínú fódà kan, wọ́n á fi ohun tí ìlànà dárúkọ nìkan sí i, wọ́n á sì ti iṣẹ́ náà mọ́ ibẹ̀. Tí ohun kan bá ṣẹ́ kù, iṣẹ́ á dúró níbẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn sáfà ńlá tó ń kọ́ pákéèjì fún gbogbo ayé, irú Koji ti Fedora àti Open Build Service ti openSUSE, ń ṣe bákan náà.

Ọ̀rọ̀ xz

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2024, ẹlẹ́rọ kan tó ń jẹ́ Andres Freund sọ fún ayé pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ọ̀tá lè gbà wọlé) wà nínú xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, ní ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ó ti ṣàkíyèsí pé wíwọlé pẹ̀lú SSH (ọ̀nà tí a ń gbà wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè) ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó sì tọpa rẹ̀ títí ó fi dé ìdí rẹ̀.

Ohun tó kàn wá jù níbẹ̀ ni ibi tí májèlé náà gbà wọlé: ọ̀nà ìkọ́ pákéèjì ni. Kóòdù tó ń tú u jáde kò sí nínú git, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù, tí gbogbo ènìyàn ń wò. Inú àpò tar (fáìlì kan tí wọ́n kó gbogbo kóòdù sí) tí wọ́n gbé jáde fún àwọn tó ń di ẹrù ló wà, nínú fáìlì build-to-host.m4, láàárín àwọn fáìlì Autoconf tí èèyàn kì í kà. Nígbà tí configure bá ń ṣiṣẹ́, májèlé náà máa ń yẹ àyíká wò: ṣé fáìlì debian/rules wà níbí? Àbí ṣé RPM ló ń kọ́ ọ fún x86_64? Tí ìdáhùn kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, á dákẹ́. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa make nínú fódà rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Àwọn ẹ̀yà Linux tó ń pín pákéèjì fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n dọdẹ.

Àmì sha256 kò lè gbà wá níbí, torí àpò tar tí ẹni tó ń tọ́jú xz fọwọ́ sí ni àpò náà. Iṣẹ́ Reproducible Builds, tí Debian ti ń bá bọ̀ láti 2013, ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjì tó lo kóòdù kan náà á fi kọ́ pákéèjì tí kò yàtọ̀ ní ẹyọ lẹ́tà kan. Fún àpẹẹrẹ, SOURCE_DATE_EPOCH ń jẹ́ kí wọ́n lo déètì kan náà dípò aago ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yẹn ń tú àṣírí sáfà tó ń yí pákéèjì padà lẹ́yìn kóòdù. Ṣùgbọ́n nígbà tí májèlé bá ti wà nínú àpò tar, ẹ̀rọ méjèèjì á kọ́ májèlé kan náà. Ohun tó lè ràn wá lọ́wọ́ ni kí àwọn tó ń di ẹrù máa gba kóòdù tààrà láti inú git, kí wọ́n sì ṣẹ̀dá configure fúnra wọn. Mo fara mọ́ èyí gan-an.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara pákéèjì tí ẹlòmíràn ti dì. Ní Debian 12, ẹ kọ́kọ́ tan ìlà deb-src nínú àtòjọ orísun apt (irinṣẹ́ tó ń gba pákéèjì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì), kí ẹ ṣe `sudo apt update`, lẹ́yìn náà:

```
sudo apt build-dep hello
apt source hello
cd hello-2.10
dpkg-buildpackage -us -uc -b
```

`-us -uc` ń sọ pé kó má fọwọ́ sí i, `-b` sì ń sọ pé pákéèjì nìkan ni kó kọ́. Ẹ má wá .deb náà nínú fódà tí ẹ wà. Fódà tó wà lókè rẹ̀ ló máa ń jáde sí. Ní Arch, ẹ fi PKGBUILD sínú fódà kan kí ẹ pe `makepkg -s`. Ní Fedora, ẹ gba src.rpm kan (kóòdù pẹ̀lú spec rẹ̀), kí ẹ pe `rpmbuild --rebuild`, kí ẹ wá wo ~/rpmbuild/RPMS. Irinṣẹ́ checkinstall náà wà, tó ń ṣọ́ make install kó lè di ohun tó bá rí lẹ́rù. Ó wúlò fún ẹ̀rọ ara ẹni, àmọ́ ẹ má fún ẹlòmíràn ní ohun tó bá dì, torí kì í mọ ohun tí ètò náà gbára lé.

Tí ẹ bá tún kóòdù hello ṣe kí ẹ tó kọ́ ọ, ẹ fi `dch --local mi` yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Á di 2.10-3mi1, apt á sì mọ̀ pé ó ju 2.10-3 lọ, nítorí náà kò ní fi ti Debian rọ́pò rẹ̀. Tí 2.10-4 bá jáde, ìyẹn ju tiyín lọ, á sì gba ipò rẹ̀. `sudo apt-mark hold hello` lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ó ń dá àtúnṣe ààbò náà dúró pẹ̀lú, torí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa wo ìgbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde kí ẹ lè tún tiyín kọ́ lé e lórí.